Kóńgò Àgbàdo Kan, Kóńgò Ẹ̀wà Kan: Ìdáná Ìgbà Ọ̀wọ́n Lọ́dọ̀ Àwọn Ìyá Wa

Ẹ̀kọ ni ìyá ìyá mi ń tà n'Ìbàdàn títí orúnkún rẹ̀ fi ní òun ò gbà mọ́. Nílé ìdáná rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da nǹkan nù láìkọ́kọ́ bi í. Ìbéèrè kan náà ló sì fi ń dáhùn: "Ṣé ó ti parí iṣẹ́ ẹ̀ ni?" Omi tí a fi sẹ́ ògì, èèpo ẹ̀wà, eegun ẹja, ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ahun ni mo ń pè é nínú ọkàn mi.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ yóò rántí ọdún 1984, nígbà tí wọ́n ń tò sórí ìlà nítorí ẹ́sẹ́ńkò: mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì, ọṣẹ. Nígbà tó di 1986, SAP, ètò tí ìjọba fi fẹ́ tún ọrọ̀ ajé tò, wọlé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Tíṣà ni ìyá mi. Oṣù kan á wọnú èkejì kí owó oṣù tó jáde. Síbẹ̀, ebi ò pa wá sùn. Ìyá àgbà ló ń darí ìkòkò. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí owó ọkọ̀, owó gáàsì àti owó oúnjẹ jọ fò sókè, èmi náà padà sídìí àgbàdo àti ẹ̀wà. Ohun tí mo kọ síbí yìí ni mò ń ṣe fún ènìyàn márùn-ún nílé mi. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó ń já láílọ́ọ̀nù ìńdómì lọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìparí ọ̀sẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà. Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹ ó kàn máa bù ú jẹ ni.

Kí ẹ tó kó owó jáde

Ilé ìdáná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọjà. Ẹ ṣí gbogbo ìkòkò àti ike. Ẹ̀wà àná tó ku ṣíbí mẹ́rin, ata gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ ìgò, iṣu tó ti ń hù: àwọn wọ̀nyí ni ẹ máa kọ́kọ́ sè. Ẹ̀yìn wọn ni ẹ tó lè mọ ohun tó kù láti rà.

Tèmi kì í pọ̀. Kóńgò àgbàdo funfun kan, kóńgò ẹ̀wà kan (olóyin ni mo fẹ́ràn, ó dùn, ó sì ń tètè jinná), ìgò epo pupa kan, ata, àlùbọ́sà, irú, edé díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tó bá wà nígbà náà. Kóńgò kan sún mọ́ kìlógíráàmù kan àbọ̀, ṣùgbọ́n kóńgò ju kóńgò lọ. Àwọn ọlọ́jà kan ti fi òòlù lu ìdí tiwọn wọlé kó lè máa tètè kún. Ẹ gbé e, ẹ yí i padà, ẹ wo ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó fi wọn nǹkan fún yín. Ìyá àgbà a máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wá owó nínú rẹ̀, á sì máa kí ọlọ́jà tọmọtọmọ bó ṣe ń ṣe é, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fọkàn tán, ẹ dá owó, ẹ ra àpò ẹ̀wà, ẹ pín in. Ẹ ṣe é lásìkò tí ẹ̀wà tuntun ń wọlé láti Òkè Ọya, ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá. Kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ títí yóò fi kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pa. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ẹ má ṣe máa ṣí i wò lójoojúmọ́ o, ẹ ó tún fún wọn ní afẹ́fẹ́ mìíràn ni. Oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń wọ́n sórí ẹ̀wà kì í ṣe ohun tí à ń fi oúnjẹ ṣe. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ rẹ̀ léraléra.

Tòmátì tó rọ̀, tí àwọn aláta ń dá jọ sọ́tọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ lè rà á bí awọ rẹ̀ kò bá tíì là. Èyí tó ti bu tàbí tó ń ṣomi, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àgbàdo: láti inú omi dé inú igbá

Ẹ kọ́kọ́ bu agolo mílíìkì mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú kóńgò àgbàdo náà. Ègbo ni ìyẹn, a ó dé ibẹ̀. Ìyókù ni ògì.

Ẹ tú u sórí àtẹ, ẹ ṣà á. Ẹ má fi ojú àánú wo èyí tó ti bu tàbí tó dúdú. Oró inú nǹkan bíbu lórí àgbàdo àti ẹ̀pà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, síse kì í sì í lé e kúrò. Ibí nìkan ni ìyá àgbà ti máa ń da nǹkan nù láìbéèrè.

Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́ tó bò ó dáadáa, kí ẹ dé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń fún un, mo sì máa ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀ láti ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ da omi gbígbóná lé e lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ méjì á tó. Tí ẹ bá fi èékánná tẹ hóró kan tó sì wọlé, ó ti rẹ̀.

Ẹ tún un fọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tó lọ̀ kẹ́yìn. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Ẹlẹ́rọ kan lọ ògì mi lẹ́yìn ata rodo láìṣan ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbíkẹ́yìn mi mu ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú sókè wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ pa á.

Sísẹ́ ló kù. Ẹ so aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu garawa, ẹ bu ògì lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ máa bu omi sí i, ẹ máa fi ọwọ́ rò ó. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ọ̀sán kan odindi: wọ́n á sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á da èèrí nù nígbà tí funfun ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ mú èèrí yẹn, ẹ fún un sínú omi díẹ̀, ẹ tún un sẹ́. Tí omi tó ń jáde lára rẹ̀ kò bá funfun mọ́, nígbà náà ni ó tó kúrò. Kò sì tíì parí iṣẹ́. Adìyẹ ń jẹ èèrí, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Ìyá àgbà kì í sin ẹran, ṣùgbọ́n ìyá kan ní kọ̀rọ̀ ilé wa ní ewúrẹ́ mẹ́rin, ìkòkò èèrí wa sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A ò gba kọ́bọ̀. Nígbà Iléyá, itan kan á kàn wá sílé wa fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ògì náà tòrò mọ́jú. Omi tó wà lókè ni omidùn. Ẹ rọra dà á sínú ike mìíràn, ẹ fi pamọ́. Màá sọ ohun tí ẹ máa fi ṣe. Ògì tó wà nísàlẹ̀, ẹ da omi tútù lé e, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí fìríìjì. Nílé mi, ó ń tó ẹ̀kọ mímu fún àárọ̀ mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún.

Láti po ẹ̀kọ mímu, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má ní kókó. Omi tó ń hó gan-an ni kí ẹ dà lé e, kí ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń dà á. Tí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ògì ò ní dì, ẹ ó tún gbé e kaná, gáàsì á sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ se omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rọ ìyókù sínú fúláàsì fún ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan nípa àwọn ọmọ kéékèèké: ògì lásán á kún inú, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ara fi ń dàgbà tó. Àwọn ìyá àgbà mọ èyí láìka ìwé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀kọ kì í fi í rìn láìsí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Bí kò bá sí àkàrà, ẹ lọ ẹ̀pà tí ẹ ti yan, kí ẹ pò ó mọ́ ọn; edé gbígbẹ tí ẹ gún kúnná náà dára. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, ti ṣe ògì tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ẹ̀wà sóyà nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

Ẹ̀wà ni ẹran wa

Kóńgò ẹ̀wà kan, ọ̀nà mẹ́ta ni mò ń pín in sí. Ìdajì rẹ̀ ni màá sè. Ìdajì tó kù, màá bó èèpo rẹ̀: apá kan fún gbẹ̀gìrì, apá kan fún ẹ̀kuru.

Èyí tí a fẹ́ sè, ẹ rẹ ẹ́ lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi rẹ̀ nù (ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi bomi rin ewédú ẹ̀yìnkùlé), ẹ sì fi omi tuntun gbé e kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá pa iná. Ẹ má ṣí ìdérí. Ẹ fi aṣọ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó wé ìkòkò náà, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ fi aṣọ há a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lọ máa ṣe nǹkan mìíràn fún wákàtí kan àbọ̀. Tí ẹ bá tú u, ẹ ó rí i pé ó ti rọ̀ dé ìdajì láìjẹ gáàsì kankan. Ẹ tún un gbé kaná, ẹ jẹ́ kó hó, kó sì jinná pátápátá. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀.

Kánún ńkọ́? Àwọn àgbà lò ó, ó sì ń mú ẹ̀wà rọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ó ń pa lára àwọn èròjà aṣaralóore inú ẹ̀wà, tó bá sì pọ̀, ẹnu á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀wà mọ́jú ò nílò rẹ̀. Àwọn tó ń ju oògùn orífífọ́ sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn, àmọ́ kì í ṣe àwọn ìyá wa.

Ẹ̀wà yìí, a ò ní jẹ ẹ́ ní ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi ata díndín sórí rẹ̀, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú gààrí tàbí ẹ̀kọ tútù. Lọ́jọ́ kejì, ègbo yẹn á ti wà nílẹ̀; ẹ bu ẹ̀wà lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo tútù, ẹ yin àgbàdo sínú ẹ̀wà tó ti rọ̀ ní ìdajì, ẹ fi epo, ata àti edé sí i, ó di àdàlú. Ẹ̀wà àti àgbàdo nínú àwo kan náà kì í ṣe ìyà rárá. Ohun tó dín lára àgbàdo, ẹ̀wà ní in. Èyí tó dín lára ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Bí ẹran ò bá sí lọ́jọ́ yẹn, ara ò ní mọ̀.

Gbẹ̀gìrì. Ní tèmi, kò sí ọbẹ̀ tó mọ owó ṣọ́ bí i. Agolo mílíìkì méjì ẹ̀wà tí a ti bó ń tó ènìyàn márùn-ún. Ẹ sè é kí ó jinná jù, kí hóró kankan má dá dúró mọ́. Ẹ fi ìjábẹ̀ lù ú nínú ìkòkò, ẹ sẹ́ ẹ bí ẹ bá fẹ́ kó jọ̀lọ̀. Ẹ da omi díẹ̀ sí i, ata lílọ̀, irú, iyọ̀, epo pupa ṣíbí ọbẹ̀ kan péré. Ẹ jẹ́ kó rọra hó, kí ẹ máa rò ó nítorí ó ń tètè jó nísàlẹ̀. Bí ó bá ti tutù, á ki. Ẹ ó kan la omi gbígbóná sí i ni. Pẹ̀lú ewédú tí ẹ já lẹ́yìnkùlé, àti àmàlà, Ìbàdàn ò tún béèrè nǹkan mìíràn. Àlejò tó bá dé lójijì kò ní mọ̀ pé kò sí ẹran nílé, ẹ ó sọ fún un pé abùlà lẹ fẹ́ jẹ lónìí.

Ẹ̀kuru ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní mọ mọ́ínmọ́ín, wọn ò mọ ẹ̀kuru, nítorí mọ́ínmọ́ín ti di oúnjẹ òde àríyá tí wọ́n ń kó ẹyin àti ẹja há. Ẹ̀kuru ò fẹ́ epo, kò fẹ́ ata, kò fẹ́ ẹyin. Ẹ lọ ẹ̀wà tí ẹ ti bó kó ki, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ wá fi orógùn lù ú. Lílù yẹn ni gbogbo ẹ̀. Ẹ lù ú títí yóò fi fúyẹ́, tí yóò fi wú. Bí ẹ bá ju díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi, tó sì léfòó, ó ti tó. Ẹ pọ́n ọn sínú ewé, ẹ gbé e lé omi tó ń hó, ẹ jẹ́ kí ooru sè é fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ata díndín ni ẹ ó fi jẹ ẹ́. Ewé náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣà èyí tí kò ya sọ́tọ̀. Ó ṣì lè bo ìkòkò lọ́la kí ooru má bàa jáde. Èyí tó ya, ewúrẹ́ ìyá kọ̀rọ̀ ilé ń dúró dè é, òun àti èèpo ẹ̀wà.

Iná kan

Owó tó ń bọ́ sínú iná ti fẹ́ẹ̀ tó èyí tó ń bọ́ sínú ìkòkò lóde òní. Ìyá àgbà kì í dáná nítorí oúnjẹ kan. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èédú á wọ àdògán, iná yẹn kò sì ní kú títí di ọjọ́ kejì. Bó ṣe ń tò ó nìyí, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e.

Iná tó le jù, tó ń jó wìì, ata ni ó ni ín. Ẹ ti se ata lílọ̀ gbẹ tẹ́lẹ̀ láìsí epo, kí omi rẹ̀ fi lọ. Ẹ wá da epo lé e, ẹ dín in títí epo yóò fi léfòó padà. Ata tó bá ti dín dé ibẹ̀ ò ní tètè kan. Òun ni ẹ ó máa bù fún ẹ̀wà, fún ẹ̀kuru, fún ẹ̀fọ́, fún ìrẹsì ọjọ́ Àìkú. Ẹ má fi ẹran sí i, ẹran ló ń jẹ́ kó bàjẹ́.

Nígbà tí iná bá dúró, ẹ gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀kuru tẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀kuru sórí ìkòkò ẹ̀wà gan-an, bí ẹ bá ní ìkòkò tó ṣe é gbé léra. Bí iná bá ti ń rẹlẹ̀, ẹ ti iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin iná, ìyẹn ni oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọdé tó ń yọ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tó bá ku ẹyin iná nìkan, ó kan ègbo: agolo mẹ́ta àgbàdo tí ẹ ti rẹ láti àárọ̀, omi púpọ̀, ìkòkò tó nípọn, ìdérí tó há. Ẹ da eérú díẹ̀ bo iná kó má tètè jó tán. Ó máa wà níbẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, hóró àgbàdo á ti là, ẹ fi orógùn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ègbo ti dé.

Òde gbangba ni kí ẹ ti ṣe èyí, tàbí níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé jáde. Ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, ì báà ṣe òjò, ì báà ṣe ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ̀yin tí gáàsì nìkan lẹ ní, ètò kan náà ni. Àfikún kan: tí omi bá ti hó, ẹ dín iná kù. Omi tó ń hó wuruwuru kò gbóná ju omi tó ń hó jẹ́jẹ́ lọ. Gáàsì nìkan ló ń lọ.

Ọbẹ̀ tó bá kù, tí NEPA ò bá sì mú iná wá, ẹ gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Kó hó ni o, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má ti ṣíbí tí ẹ fi tọ́ ọ wò padà sínú rẹ̀.

Ẹran, ẹyin, àti ohun tí mi ò jogún

Irú, edé àti egungun ni ẹran ìgbà ọ̀wọ́n. Ẹja ṣàwá méjì tí ẹ yan, tí ẹ yọ egungun rẹ̀, tí ẹ ya wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́, á dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá gé e sí òkèlè, ẹni méjì á rí orí, ẹni kan á rí ìrù, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Egungun rẹ̀, ẹ sè é lọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Pọ̀nmọ́ dára lẹ́nu, ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ní ohun tí à ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má kà á kún ẹran fún ọmọ tó ń dàgbà. Ẹ̀wà sàn jù ú.

Lásìkò SAP, òwú ni ìyá mi fi ń gé ẹyin síse. Ó máa di òwú náà mú lápá méjèèjì, á fà á, ẹyin á pín sí mẹ́rin láìfọ́. Ẹni mẹ́rin la jẹ́. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ẹyin kejì, odindi, bàbá wa ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n tún ń sọ fún wa pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Èyí ni mi ò bá wọn gbé. Nílé tèmi, ọwọ́ ọmọdé ni ẹyin kọ́kọ́ ń dé, lẹ́yìn náà aláboyún bí ó bá wà, àgbà ló kẹ́yìn.

Ohun mìíràn tí ẹ ò gbọdọ̀ gé kúrú nítorí ìkánjú ni ẹ̀gẹ́. Làfún gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kó rọ̀ pátápátá kí ẹ tó fún un kí ẹ tó sá a. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, àkókò yẹn ló ń lé e jáde. Bí ẹ bá fẹ́ tètè jẹun, ẹ jẹ iṣu.

Sísá

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí tòmátì àti ata pọ̀ nílẹ̀, ẹ gé wọn, ẹ sá wọn sórí àtẹ tó mọ́ tí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò. Ilá tó pọ̀ jù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a, ẹ gún un, ó di orúnlá. Ṣíbí méjì nínú omi tó ń hó pẹ̀lú irú àti ata, ọbẹ̀ ti dé. Ewédú náà ń gbẹ. Kí wọ́n gbẹ kí wọ́n máa dún kẹrẹkẹrẹ kí ẹ tó kó wọn sínú ìgò. Tí wọ́n bá ṣì rọ̀, wọ́n á bu. Nígbà tó bá di àárín òjò tí tòmátì di wúrà, ẹ̀yin ò ní bá wọn dúnàádúrà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò, ẹ̀kuru wà nínú ewé, ata díndín wà nínú ìgò, ògì wà nínú omi. Ó ku omidùn tí mo ní kí ẹ fi pamọ́. Bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi rẹ àgbo. Fi díẹ̀ fọ yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ ara ìgbín tàbí ẹja bí ẹ bá rí rà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ́ igbá kan kù nínú rẹ̀. Ẹ lọ bu kóńgò àgbàdo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ da igbá omidùn yẹn lé e lórí. Òun ni yóò jẹ́ kí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà tètè kan. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tí oòrùn ò dé.